Ṣé róbọ́ọ̀tì gidi ló na Lee Marvin? Ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ ya fíìmù ìjà ẹ̀ṣẹ́

Ìbéèrè tí mo rí gbà rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti bàbá mi jókòó wo eré àtijọ́ kan nínú The Twilight Zone, ọ̀wọ́ eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní 'Steel', tí òṣèré Lee Marvin ti wọ ríǹgì lọ bá róbọ́ọ̀tì jà. Láti ìgbà náà la ti ń jiyàn nílé. Bàbá mi ní róbọ́ọ̀tì gidi ni, pé Amẹ́ríkà ti ní irú ẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n na Marvin lóòótọ́, pé ojú èèyàn kò lè rí bẹ́ẹ̀ tí kò bá jẹ ẹ̀ṣẹ́. Ẹlòmíì ní ara fíìmù Real Steel ni wọ́n ti jí i. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ya fíìmù kékeré kan nípa abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó fẹ́ bá ẹ̀rọ jà. Kò sí owó róbọ́ọ̀tì. Ṣé ká fi kọ̀ǹpútà ṣe é ni, àbí ká bo ẹnì kan lójú? Àti pé tí àwọn méjèèjì bá ń kan ara wọn ní ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó lè dà bí òótọ́, ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀?"

Àbúrò mi, o ṣeun. Nǹkan márùn-ún lo kó pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí o fi kádìí ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yẹn, ló gbà mí lọ́kàn jù. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn: mo máa ń kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n á ṣe jà níwájú kámẹ́rà, tí oníkálukú á sì fi ara pípé padà sílé. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú eré náà palẹ̀, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ti dáhùn púpọ̀ nínú ohun tí ò ń wá.

Ti olè jíjà yẹn kò le. Ọdún 2011 ni Real Steel jáde, èyí tí Hugh Jackman ṣe. October 4, 1963 ni "Steel" jáde lórí tẹlifíṣàn CBS, òun ló sì ṣe ìkejì nínú ọ̀wọ́ karùn-ún The Twilight Zone. Richard Matheson ló kọ ọ́, Don Weis ló darí ẹ̀. Matheson gan-an kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú ẹ̀ fún tẹlifíṣàn. Ó ti kọ ọ́ ní ìtàn kúkúrú láti 1956 nínú The Magazine of Fantasy and Science Fiction. Ìtàn kúkúrú yẹn náà ni àwọn tó ṣe Real Steel gbé tiwọn lé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mú níbẹ̀ kò pọ̀: róbọ́ọ̀tì tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, àti ọkùnrin aláìlówó kan tó ń gbé e káàkiri. Ọmọ ni Real Steel jẹ́ sí ìtàn Matheson, ọmọ kì í sì í bí bàbá. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàrin àwọn méjèèjì ni pé nínú ti Matheson, èèyàn fúnra ẹ̀ wọ ríǹgì lọ bá ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára ìtàn náà wà.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, bó ṣe lọ nìyí. Wọ́n ní ọdún 1974 ló ṣẹlẹ̀, ọdún mọ́kànlá síwájú ìgbà tí wọ́n ń yà á. Òfin ti fòpin sí ìjà ẹ̀ṣẹ́ láàrin èèyàn láti 1968, ẹ̀rọ tó jọ èèyàn nìkan ni wọ́n gbà láyè nínú ríǹgì. Kelly, tí Lee Marvin ṣe, ti jẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nígbà tiẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Steel torí pé kò sẹ́ni tó gbé e ṣubú rí. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí ni ẹ̀rọ àtijọ́ kan, Battling Maxo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní B2, tí ayé ti sáré kọjá. Òun àti Pole, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, tí Joe Mantell ṣe, gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Maynard ní ìpínlẹ̀ Kansas kó lọ bá Maynard Flash jà, B7 tuntun, fún 500 dọ́là. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì apá Maxo já. Kò sówó àtúnṣe, kò sówó ọkọ̀ tí wọ́n á fi padà. Kelly bá ní òun á wọlé bíi Maxo. Flash lù ú bí ẹni lu bàrà ní ráúǹdì àkọ́kọ́, ẹni tó ṣètò ìjà náà sì fún wọn ní ìlàjì owó, ó ní ẹ̀rọ wọn kò pẹ́ nínú ríǹgì. Kelly kò gbọ́dọ̀ yọjú lọ bèèrè ìyókù, torí tí wọ́n bá rí i pé èèyàn ni, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ní ti bàbá, bá mi kí wọn, kó o sì fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kò sí róbọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Ní 1963, kò tíì sí ẹ̀rọ kan láyé tó lè fi ẹsẹ̀ méjì rìn bí èèyàn, ká má tíì wá sọ pé kó kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ga tó èèyàn, tó ní apá, tó ní ẹsẹ̀, tó sì ń rìn, WABOT-1 tí Yunifásítì Waseda ní Japan ṣe, ọdún 1973 ló tó jáde, ìgbésẹ̀ ẹ̀ kò sì yá rárá. Èèyàn ni Maxo, Tipp McClure lorúkọ ẹ̀. Èèyàn ni Flash náà, Chuck Hicks. Hicks ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí kó tó di ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jà, tó máa ń já bọ́ láti òkè, tó sì máa ń ṣubú nínú fíìmù dípò àwọn òṣèré ńlá. Fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wọ̀ wọ́n, iṣẹ́ William Tuttle ni, ọ̀gá àwọn tó ń kun òṣèré ní ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM ní Culver City, California, níbi tí wọ́n ti ń ya The Twilight Zone. Òun náà ló ṣe àwọn ojú burúkú inú "Eye of the Beholder" ní 1960, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì fún un ní Oscar àkànṣe fún fíìmù 7 Faces of Dr. Lao. Ọ̀nà tí irú iṣẹ́ yìí ń gbà rèé: wọ́n á kọ́kọ́ fi ohun ṣíṣàn tútù kan tó ń dì gba àwòrán ojú òṣèré, wọ́n á fi ihò imú sílẹ̀ kó lè mí. Inú ohun tó dì yẹn ni wọ́n á da píọ́ọ̀pù sí, tó bá gbẹ, orí òṣèré náà ló máa jáde níwájú wọn. Orí yìí ni wọ́n á ti mọ iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n tuntun, wọ́n á fi rọ́bà fífẹ́lẹ́ ṣe é, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òṣèré, wọ́n á sì kun etí ẹ̀ títí ìlà tó wà láàrin rọ́bà àti awọ á fi pòórá. Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ dán an wò, mo bẹ̀ yín, ẹ má da píọ́ọ̀pù sójú ẹnikẹ́ni ní tààrà. Bó bá ṣe ń dì ló ń gbóná, ó lè bó èèyàn láwọ, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú.

Rọ́bà nìkan kọ́ ló tan bàbá jẹ. Ara tó dákẹ́ ni. Wo èèyàn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́: á máa ṣẹ́jú, á máa fi imú mí lákọlákọ, èjìká ẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde, ojú ẹ̀ á sì fún pọ̀ tí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀. Yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ìyókù ìjà dúró bó ṣe wà, ọpọlọ òǹwòran á sọ fún un kíákíá pé nǹkan yìí kì í ṣe èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o rántí pé Chuck Hicks ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí. Ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ́ jà á rò pé ẹ̀rọ ń rìn gbagidi, á máa ju apá bí igi, gbogbo èèyàn á sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jà ló mọ ohun tó yẹ kí òun yọ sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ yan ẹni tó máa ṣe ẹ̀rọ nínú fíìmù tìẹ, lọ sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà, kó o mú ọ̀kan níbẹ̀. Má mú òṣèré tó sanra jù lọ nínú ẹgbẹ́ yín torí pé ó tóbi.

Wo ọgbọ́n Matheson náà, torí ọgbọ́n ẹni tí kò lówó ni. The Twilight Zone kò ní owó fíìmù ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sábà máa ń fi ya ìtàn kan tó jẹ́ ìlàjì wákàtí. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n Maxo ti bàjẹ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló jà. Maxo kò ní iṣẹ́ púpọ̀ ju pé kó jókòó, kó bo orí, kí wọ́n máa tì í kiri, kó ju apá díẹ̀, kó sì bàjẹ́. Èèyàn ni ẹnì kejì nínú ríǹgì, kò sì nílò rọ́bà kankan lójú. Ìtàn ló gé ìnáwó náà sí méjì, ìtàn náà sì ń dùn sí i ni torí pé a mọ ohun tí àwọn òǹwòran inú ríǹgì yẹn kò mọ̀. Kí ẹ tó máa wá owó, ẹ padà sí orí ìwé yín, kí ẹ bi ara yín pé ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ̀rọ náà ní láti fi jà níwájú wa. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tó jókòó sínú òkùnkùn, tàbí tí a kàn ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, owó kékeré ni, ìbẹ̀rù ibẹ̀ kò sì kéré.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní wọ́n na Marvin ńkọ́? Wọn kò nà án. Ẹ̀ṣẹ́ inú fíìmù, ìlà ni gbogbo ẹ̀. Kámẹ́rà, ẹ̀ṣẹ́ àti ojú ẹni tí wọ́n ń kàn gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà kan náà. Kámẹ́rà a dúró lẹ́yìn èjìká ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ṣẹ́ a gba iwájú ojú ẹnì kejì kọjá, àlàfo tó wà láàrin wọn lè fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kámẹ́rà kò sì ní rí i. Ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà bá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, àṣírí tú, torí àlàfo náà á hàn gbangba. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi yà á, ẹ má súnmọ́ wọn. Ẹ fà sẹ́yìn dáadáa kí ẹ wá fa àwòrán náà súnmọ́ra, torí lẹ́ńsì tó ń wo ọ̀nà jíjìn máa ń fún àlàfo pọ̀, á dà bíi pé àwọn méjèèjì fẹnu kan ara wọn. Ìbọ̀wọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ tún ṣojú rere fún wa ju ìkúùkù lásán lọ: ó tóbi, ó máa ń bo ìdajì ojú, ó sì ń bo ìwà ẹ̀tàn mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ló ń tà á fún òǹwòran. Ẹni tó gbà á ni. Àgbọ̀n ló ń kọ́kọ́ yí, èjìká á tẹ̀lé e, orúnkún á wá mọ̀ ọ́n lára lẹ́yìn náà. Tí gbogbo ara bá yí lẹ́ẹ̀kan náà, irọ́ ni. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wo ojú ara wọn kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde, ẹni tó fẹ́ gbà á ló máa fi ojú sọ pé òun ti ṣe tán. Lee Marvin mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó. Sójà ni nínú ogun àgbáyé kejì, ó sì fara gbọgbẹ́ ní Saipan ní 1944, nítorí náà kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ohun tí ìrora jẹ́ fún un. Ibì kan wà nínú ìjà náà tí mo máa ń dá dúró láti fi han àwọn tí mò ń kọ́: Kelly ráàyè bọ́ sẹ́yìn Flash, ó kó gbogbo agbára ẹ̀ jọ, ó kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn orí. Flash kò mì. Wo Marvin lójú ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ojú Marvin ló sọ fún wa pé irin ló wà níwájú ẹ̀. Hicks kò ṣe ju pé kó dúró gbọin-in lọ.

Ìró tún wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yà á, kò sí ìró ẹ̀ṣẹ́ kankan, àfi mímí àti ẹsẹ̀ lórí pákó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ń fi í sí i. Tí ẹ bá fẹ́ kó yàtọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń nani, ẹ fún ẹ̀ṣẹ́ èèyàn àti ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìró tó yàtọ̀ síra. Ẹ na ẹran tútù tàbí ìrọ̀rí tó rin fún ti èèyàn, ẹ gba ìró ẹ̀ sílẹ̀. Fún ti ẹ̀rọ, ẹ fi ìró irin kékeré kan kún un, kékeré gan-an ni, lábẹ́ ti ẹran.

Wàyí o, ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. O bi mí bóyá wàhálà wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó wo "Steel" lálẹ́ ọjọ́ tó jáde, torí àwọn tó gbọ́ pé òfin ti fòpin sí ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní 1968 kò rẹ́rìn-ín. Ní March 24, 1962, Emile Griffith bá Benny Paret, ọmọ Kúbà, jà ní Madison Square Garden ní New York. Ní ráúǹdì kejìlá, Paret há sí igun ríǹgì, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ́ lù ú lórí léraléra, tẹlifíṣàn ABC sì ń gbé e wọ ilé àwọn èèyàn lójú ẹsẹ̀. Kò jí sáyé mọ́, ó kú ní April 3, ọmọ ọdún 25 ni. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, March 21, 1963, Davey Moore bá Sugar Ramos jà ní Dodger Stadium ní Los Angeles. Lẹ́yìn ìjà, Moore ṣì bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó dákú, ó sì kú ní March 25. Gómìnà California fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n fòfin de eré ìdárayá náà. Oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni "Steel" jáde. Lóòótọ́, Matheson ti kọ ìtàn náà kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó kú, ṣùgbọ́n etí tí àwọn èèyàn fi gbọ́ ọ ti yàtọ̀. Amẹ́ríkà kò fòfin dè é títí dòní. Iceland ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1956, Sweden sì fòfin de èyí tí wọ́n ń gba owó jà láti 1970, títí di 2006.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bó ṣe dà bíi pé ó jìnnà. Davey Moore tó kú yẹn, ọwọ́ Hogan Kid Bassey, ọmọ Nàìjíríà, ló ti gba ìgbànú àgbáyé ní 1959. Gene Fullmer, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ará Amẹ́ríkà, ńkọ́? Oṣù December 1961 ni Fullmer lu Paret bolẹ̀ ní ráúǹdì kẹwàá, oṣù mẹ́ta ààbọ̀ péré ṣáájú ìjà tó pa Paret. Fullmer yìí kan náà ló wá sí Liberty Stadium ní Ìbàdàn ní August 10, 1963, tí Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, fi ojú ẹ̀ rí màbo, tí kò lè jáde fún ráúǹdì kẹjọ. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí "Steel" fi jáde. Bí bàbá bá ti gbọ́njú nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ìtàn tí wọ́n lè sọ fún ẹ nípa alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ Paret ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tí Fullmer ṣe fún un ní December kò tíì kúrò lára ẹ̀ nígbà tó wọ ríǹgì ní March. Ọpọlọ kì í sọ fún èèyàn pé òun ti rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá orí tó ti kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ṣẹ́, tí kò tíì sinmi tán, léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ wá rò ó wò: ìjà ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù, ẹ lè yà á ní ogún ìgbà kó tó dára. Ẹ̀ṣẹ́ "fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́" mẹ́wàá nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan ti di igba kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo wà níbi iṣẹ́ kan tí olùdarí ti ní kí àwọn ọmọ méjì kan máa kan ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó, ó ní kò hàn. Wọ́n fi kún un. Ó ní kò hàn síbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ètè ọ̀kan ti là, ẹnì kejì ń bínú gidi, ìjà eré ti fẹ́ di ìjà ojú pópó. Lọ́jọ́ kejì, ojú ọmọ yẹn wú débi pé kò bá àwòrán àná mu mọ́, wọ́n dúró títí ó fi lọ sílẹ̀, owó oúnjẹ àti ti ilé tí wọ́n gbà sì ń lọ. Nítorí náà, ìdáhùn mi ni rárá. Orí àti ojú, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣẹ́ tó balẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ikùn tàbí ti ìhà, kí tìmùtìmù wà lábẹ́ aṣọ, kó má sì kọjá ẹ̀ẹ̀kan.

Lórí kọ̀ǹpútà tàbí ìbòjú, ìbòjú ni mo fara mọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àléébù tiẹ̀ náà wà. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ohun tí ara èèyàn kò lè ṣe, orí ẹ̀rọ lè yí dẹ́yìn, apá lè já bọ́ lójú wa. Ohun tó ń bẹ níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ àwòrán mẹ́rìnlélógún, ìmọ́lẹ̀ ara ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ bá ti ara òṣèré mu nínú gbogbo wọn. Tí kò bá sí ẹnì kan láàrin yín tí ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀, á hàn. Àwọn tó ṣe Real Steel pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó wọn, kọ́ róbọ́ọ̀tì tó ṣeé fọwọ́ kàn fún ọ̀pọ̀ ibi, àwọn èèyàn gidi ni wọ́n sì ní kó jà kí kọ̀ǹpútà tó wá gbé ìrìn wọn wọ ẹ̀rọ. Sugar Ray Leonard, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò àtijọ́, ló ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ẹ̀ṣẹ́. Ìbòjú ní tiẹ̀ máa ń dán nínú oòrùn, ó lè múni rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í sì í rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa. Àwòrán dúdú-àti-funfun ran Tuttle lọ́wọ́ gan-an láti bo etí rọ́bà mọ́lẹ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, tàbí kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo láti òkè, kí ìdajì ojú ẹ̀rọ wà nínú òjìji nígbà gbogbo. Ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ tó súnmọ́ jù, ẹ sì jẹ́ kó máa bọ́ ọ lóòrèkóòrè kó mu omi, ooru inú ẹ̀ kì í ṣeré.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí o kò dárúkọ, òun ló sì wù mí jù. Rod Serling tó dá The Twilight Zone sílẹ̀ ti ja ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n fọ́ ọ nímú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kò sì kúrò lọ́kàn ẹ̀. Òun ló kọ Requiem for a Heavyweight fún tẹlifíṣàn ní 1956. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1962, Cassius Clay, kó tó di Muhammad Ali, ló wà nínú ríǹgì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kámẹ́rà sì di ojú ẹni tó ń jẹ ẹ̀ṣẹ́. Àwa òǹwòran la jẹ ẹ̀ṣẹ́ yẹn. Kò sí ojú òṣèré kankan nítòsí, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀ sí kámẹ́rà, ayé ń dà rú, ìmọ́lẹ̀ òkè ń yí. Fún fíìmù yín, èyí á mú kí ẹ̀rọ wà níwájú wa láìséwu, ìbọ̀wọ́ ẹ̀ nìkan ló ń bọ̀. Nínú "The Big Tall Wish," eré The Twilight Zone mìíràn tó jáde ní April 8, 1960, tí Ivan Dixon ti ṣe abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ti ń dàgbà, tí àwọn òṣèré adúláwọ̀ sì kó ipa tó jù nígbà tí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kì í sábà fún wọn láyè, ojú àti ọwọ́ àwọn òǹwòran ló gbé púpọ̀ nínú ìjà náà. Ìyẹn kò sì ná yín ní nǹkan kan ju àwọn aládùúgbò yín lọ. Tí ẹ bá fẹ́ rí ti òde òní, ẹ wá "Unfinished Business" nínú Battlestar Galactica, ti 2006: àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀ òfuurufú ń fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú ìjà àtijọ́, ẹ̀ṣẹ́ kan, ìrántí kan, ẹ̀ṣẹ́ kan, ìrántí kan. Tí ìjà yín bá ti fẹ́ tán lọ́wọ́ yín, ìrántí ló máa gbà yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyí ní ti ààbò: kíkà á kò tó. Ẹ wá ẹnì kan tó ti kọ́ òṣèré ní ìjà rí, kó dúró tì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà á, kó sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró láì bèèrè lọ́wọ́ olùdarí. Ẹ kọ́ ìjà náà bí ijó, díẹ̀díẹ̀, ní ìdajì ìyára, fún ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọ ohun tí wọ́n ń fi há eyín, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Má jẹ́ kí ẹni tí ìtàn yín dá lórí wọlé dípò ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ti Matheson nìyẹn, ó ní ẹni tó ni ín lábẹ́ òfin, ojú tó bá sì ti wo "Steel" á dá a mọ̀ kíá. Ìtàn èèyàn tó ń bá ẹ̀rọ jà, kò sẹ́ni tó ni ín; ohun tó ń wá nínú ìjà náà ló máa sọ ọ́ di tiyín. Tí ẹ bá ti kọ ojú ewé tí ìjà náà wà tán, fi ránṣẹ́ sí mi, màá sàmì sí ibi tí kámẹ́rà yẹ kó dúró fún ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.